Omi Àmutẹ́rùn

Aṣọ bẹ́ẹ̀dì kẹtàdínlógún ló wà lábẹ́ áyọ́ọ̀nù, ó sì ku mẹ́ta. Ilé ìtura ń retí gbogbo wọn ní agogo mẹ́rin. Obìnrin tó ń lọ̀ wọ́n ti ti fèrèsé pa kí eruku má baà bà lé aṣọ funfun, ooru sì kún yàrá bámúbámú.

Baba rẹ̀, alágbẹ̀dẹ tó ti fẹ̀yìn tì, jókòó lórí àga, ó ń wò ó. Ìgò kékeré kan wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀, nọ́ọ̀sì ti fi gègé fa ìlà sí i lára. Gbogbo omi tó lè mu lójúmọ́ nìyẹn. Kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti dákẹ́ iṣẹ́. Omi tó bá wọlé kò rọ́nà jáde mọ́, àfi kí ẹ̀rọ ilé ìwòsàn fà á lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bó bá mu àmujù, ẹsẹ̀ á wú, mímí á di ogun.

Láti ìgbà náà, ọmọ rẹ̀ kì í mu omi lójú rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ló ti ń mu ún. Lónìí, iṣẹ́ kò jẹ́ kó jáde rárá.

“Jókòó,” ni baba náà wí.

“Ó ku mẹ́ta, Bàámi.”

“Mo ní kó o jókòó. Ogójì ọdún ni mo fi dúró ti iná. Òógùn ni ara fi ń lé ooru jáde. Ẹni tí tiẹ̀ bá gbẹ nídìí iná, ká yáa gbá a mú kó tó ṣubú. Fọwọ́ kan iwájú orí rẹ.”

Ó fọwọ́ kàn án. Ó gbẹ táútáú. Ìgbà náà ló mọ̀ pé òòyì ti ń kọ́ òun.

“Ìgbà wo lo mu omi gbẹ̀yìn? Àbí o rò pé mi ò mọ̀ pé ò ń sá lọ sẹ́yìnkùlé bí olè?”

“Mi ò fẹ́ kó máa wù yín ni.”

“Bó o mu, bó ò mu, ó ń wù mí. Wọ́n ní omi kò lọ́tàá, kíndìnrín mi ni kò gbọ́. Lọ bu ife ńlá wá, kó o mu ún níbí.”

Nígbà tí obìnrin náà wà lọ́mọdé, òun ló ń gbé igbá omi fún baba rẹ̀ nídìí iná. Baba á gbé e mu lẹ́ẹ̀kan náà, gògóńgò rẹ̀ á máa lọ sókè sódò, á mí kanlẹ̀, á ní, “Ara ti dé.”

Ọmọ bu omi wá, ó gbé ife sẹ́nu. Gògóńgò baba ń lọ sókè sódò pẹ̀lú tirẹ̀, lófìfo. Ó fẹ́ dúró lágbedeméjì.

“Mu ún tán. Ìdajì kì í pa òǹgbẹ.”

Ó mu ún tán.

“Ṣé ó tutù?”

“Ó tutù, Bàámi.”

Baba gbé ìgò tirẹ̀, ó wo ìlà ara rẹ̀, ó sì gbé e padà láìṣí i. Àkókò kò tíì tó.

Nígbà tó yá, òógùn yọ níwájú orí ọmọ. Baba rí i, ó mi orí. “Ara ti dé.”

Ọmọ lọ aṣọ mẹ́ta tó kù, ó yọ áyọ́ọ̀nù lára iná, ó ṣí fèrèsé, ó sì gbé ẹrù rù. Kò gbé ife pamọ́. Ó fi í sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò, ó sì jáde.