Magasíìnì Tí A Bo Orúkọ Rẹ̀

Gbogbo ènìyàn ló ní magasíìnì Marnie Haigh dára. Ohun tó fẹ́ bà á jẹ́ gan-an nìyẹn.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Marnie. Ẹ̀kọ́ ìròyìn ló ń kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà nísàlẹ̀ òkè, iṣẹ́ tí wọ́n sì gbé fún kíláàsì wọn ni pé kí oníkálukú ṣe ìwé ìròyìn orin tirẹ̀: èèpo iwájú, ojú ìwé tó ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, àti ojú ìwé méjì fún ìròyìn gígùn kan. Fọ́tò tirẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀, kò gbọdọ̀ jí ti ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ọmọ yìí fi jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ó yan àwọ̀, ó pa á rẹ́, ó tún un yàn. Ó mú ọmọ kíláàsì wọn kan tó ń jẹ́ Jake, ó fi jìtá kọ́ ọ lọ́rùn, ó ní kó fara ti ògiri bíríkì tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná, kó máa wo ọ̀ọ́kán bí ẹni tí olólùfẹ́ já sílẹ̀. Ó sọ magasíìnì náà ní Ariwo. Nígbà tó parí rẹ̀, ó pín ìwé ìbéèrè fún ogún ènìyàn pé kí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe rí i. Gbogbo ogún ló kọ ọ́ pé ó dára gan-an. Inú Marnie dùn dé ibi pé ó jẹ páálí bisikíìtì kan tán láìmọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Ormerod, tíṣà wọn, ka ogún ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó kó wọn jọ, ó sì dá wọn padà fún un.

"Marnie, ṣé ọmọ ibí ni ẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Abúlé Scarbeck lókè yẹn ni wọ́n bí mi sí."

"O sì gba ìwọ̀nyí gbọ́? Tí ará Scarbeck bá fẹ́ràn nǹkan, kí ló máa ń sọ?"

Marnie ronú díẹ̀. "Á ní kò burú, sà."

"Tí ò bá wá fẹ́ràn ẹ̀ ńkọ́?"

Ìgbà yẹn ló yé e. Ara rẹ̀ gbóná láti ọrùn dé etí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rí lórí òkè yẹn, kò sí ẹni tí kò mọ̀. Gbé ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ fún wọn, wọ́n á ní ó dára gan-an, wọ́n á dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, wọn ò sì ní yà sílé rẹ mọ́ láyé. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ló wá ka ogún irú ọ̀rọ̀ yẹn tó ń jó! Ohun tí ènìyàn bá fẹ́ gbọ́ kì í pẹ́ wọ̀ ọ́ létí.

Ọ̀gbẹ́ni Ormerod ò sì tíì sọ tán. "Àwọn mẹ́tàlá ló wà ní kíláàsì yìí. Mọ́kànlá ló mú ọ̀rẹ́ wọn fara ti ògiri yẹn. Bíríkì yẹn ti gbajúmọ̀ ju àwọn olórin lọ. Mi ò rí ẹni tó máa fẹ́ ra ìwé yìí, Marnie. Bó ṣe wà yìí, D ni."

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn, ẹni tí kò bá gba C nínú iṣẹ́ náà kò ní gbé ẹ̀kọ́ ìròyìn dé ọdún kejì. Àwọn ẹ̀kọ́ rẹ̀ yòókù, Marnie kàn ń jókòó síbẹ̀ ni. Èyí nìkan ló ń mú un jí láàárọ̀ kí ìyá rẹ̀ tó pariwo. Tíṣà fún un ní àyè títí di ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Ọjọ́rú ni, ó lọ jẹun nílé bàbá bàbá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni Clifford Haigh. Ó ti ń fun yufóníọ̀mù, fèrè idẹ ńlá tí wọ́n ń gbé lé itan, nínú ẹgbẹ́ afunfèrè Scarbeck láti ìgbà tí irun ṣì kún orí rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni wọ́n lọ sí ìdíje, ó sì ti ń ráhùn nípa adájọ́ láti ìgbà náà.

"Kí ló dé tí wọ́n fi máa ń ti adájọ́ mọ́nú àpótí?" Marnie bi í, ó ń fi fọ́ọ̀kì yí ọ̀dùnkún gígún kiri nínú àwo.

"Kó má baà rí wa ni. Wọ́n á fi aṣọ ta á yí ká, ohùn nìkan láá máa gbọ́. Tó bá rí wa, á rí i pé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun wà nídìí fèrè kọnẹ́ẹ̀tì, á rí i pé arúgbó ni mí, àánú á ṣe é. Ẹni tó bá rí ojú ẹ, ọmọ mi, irọ́ ló máa pa fún ẹ."

"Ipò kelòó lẹ wá ṣe?"

"Ìkẹsàn-án."

"Nínú mélòó?"

"Jẹ ọ̀dùnkún ẹ."

Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀kì Marnie ti dúró lókè. Kò jẹ ọ̀dùnkún náà tán. Ó bọ́ síta, ó sá lọ sílé kẹta, lọ́dọ̀ Enid Lockwood, akọ̀wé ẹgbẹ́ náà, tó ń fun túbà, tó sì ń po tíì fún wọn nígbà ìsinmi. Obìnrin tó sanra tó sì fẹ́ràn ọ̀tẹ̀ kékeré ni Enid. Kí Marnie tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì ló ti ní òun gbọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, nígbà tí àwọn afunfèrè sinmi láti mu tíì, wọ́n bá magasíìnì mẹ́fà lórí tábìlì yàrá ìdánrawò wọn, márùn-ún ti àwọn ọmọ kíláàsì Marnie, ọ̀kan tirẹ̀. Enid ti fi bébà bo orúkọ ẹni tó ṣe wọ́n. "Kọ́lẹ́ẹ̀jì ló kó wọn wá," ló sọ. "Mi ò mọ ẹni tó ṣe èwo. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ bá rí." Marnie fúnra rẹ̀ ti wà nínú yàrá kékeré tí wọ́n ń kó ìlù sí, lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó há sáàárín ìlù ńlá àti ìdì àga. Adájọ́ ni wọ́n máa ń ti mọ́nú àpótí. Lọ́jọ́ yìí, ẹni tí wọ́n fẹ́ dá lẹ́jọ́ ló wà níbẹ̀.

"Ta ló lè ka lẹ́tà yẹ́lò lórí funfun?" Ohùn ọkùnrin kan nìyẹn.

"Ẹni tó bá ti wo ojú ẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà," Enid dá a lóhùn, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ọmọkùnrin tó wà lórí Ariwo yìí ò fọwọ́ kan jìtá rí. Ẹ wo bó ṣe gbá a mú bí ológbò tó fẹ́ já lọ."

Ohùn Clifford ló wá tẹ̀ lé e, kò sì yára. "Mo ti ka èyí tán. Ó sọ irú bàtà tí ọmọ yìí fẹ́ràn. Ó sọ ohun tó ń jẹ láàárọ̀. Mi ò gbọ́ orin kankan níbẹ̀. Ẹni tó ṣe é mọ lẹ́tà tò, ọwọ́ ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò tẹ́tí sí nǹkan kan kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Ìkẹfà ni mo fi sí."

Ìkẹfà nínú mẹ́fà. Ó dun Marnie wọnú egungun. Ó ki apá aṣọ bọ ẹnu kí wọ́n má baà gbọ́ ọ. Ẹni tó ń lànà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́, àmọ́ nígbà tí wọ́n bá fi ẹ̀yìn náà hàn án, kì í ṣe ayọ̀ ló fi ń wò ó.

Níbi tó ti ń sunkún ni àwọn afunfèrè ti padà sídìí iṣẹ́. Olùdarí gbé ọwọ́ sókè fún orin ìsìn tí wọ́n fi máa ń bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì máa ń tún fun lẹ́yìn ìsinmi, Marnie sì gbọ́ ohun kan. Kí fèrè kankan tó dún, ènìyàn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n fa èémí sínú lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìgbà tó ti wà nínú kẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́ ló ti ń wá sí yàrá yìí, kò sì gbọ́ ọ rí. Ẹkún dá. Kò rí bébà, ó fi bírò kọ ọ́ sí apá rẹ̀ gàdàgbà: Èémí. Orúkọ magasíìnì tuntun nìyẹn.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó ká Tamsin Booth mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìkàwé. Kọnẹ́ẹ̀tì ni Tamsin ń fun nínú ẹgbẹ́ Scarbeck, ṣùgbọ́n ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó ń fi í pamọ́ bí àléébù.

"Fọ́tò ẹnu mi?"

"Ẹnu ẹ nìkan. Tí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fèrè kúrò."

"Òrùka pupa ló máa ń wà lẹ́nu mi nígbà yẹn, Marnie. Màá dà bí ẹni tó lọ fẹnu ko páìpù."

"Òun gan-an ni mo fẹ́."

"Orí ẹ ti yí."

"Ojú ẹ ò ní hàn. Orúkọ ẹ ò ní jáde. Orúkọ ẹnikẹ́ni ò ní jáde. Kó gbogbo àwọn ọmọdé tó ń fun fèrè láwọn abúlé wọ̀nyí wá, kẹ́ ẹ kọ ohun tẹ́ ò lè sọ lójú àwọn àgbà, kẹ́ ẹ jù ú sínú àpò kan fún mi. Mi ò fẹ́ mọ ẹni tó kọ èwo."

Tamsin rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àpò náà á tóbi o."

Ó tóbi lóòótọ́. Ọmọ mẹ́fà láti abúlé márùn-ún ló kọ̀wé, bí ẹni pé wọ́n ti ń dúró de ìbéèrè yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn. Wọ́n kọ ti ètè tó ń wú, ti kóòtù onírun àgùntàn tó ń yún ni lọ́rùn, ti inú tó ń dà rú láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje. Marnie ń kà á, ó ń fò sókè lórí àga. Ó ya òjìlérúgba fọ́tò kí ó tó rí ọ̀kan tí òrùka pupa náà mọ́lẹ̀ bó ṣe fẹ́. Ó da yẹ́lò nù, ó mú àwọ̀ pupa dúdú kan ṣoṣo. Ó lẹ èèpo mọ́ gíláàsì ilé ìkàwé, ó kọjá sí òdìkejì títì, ó ní kí ìyá kan tó ń dúró de bọ́ọ̀sì bá òun kà á. Ìyá náà ò rí àkọlé kà. Ó padà, ó mú lẹ́tà tóbi, ó tún kọjá títì. Ìgbà mẹ́rin ló ṣe é kí bọ́ọ̀sì tó dé. Ó gé ìròyìn rẹ̀ dé ìdajì, ó sì mú ọ̀rọ̀ tó dùn jù lọ nínú àpò náà, ó fi lẹ́tà ńlá gbé e sáàárín ojú ìwé.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Enid tún kó mẹ́fà sílẹ̀: márùn-ún àtijọ́ àti Èémí. Marnie tún wà lẹ́yìn aṣọ.

Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan márùn-ún yòókù. "Ẹ sún, kí n rí i." "Ẹnu ta nìyí?" "Ẹ ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ nípa kóòtù, òótọ́ ni o." Ẹnì kan wá sọ ọ́ pé, "Èyí ò burú." Marnie fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ìlù.

"Ẹ jẹ́ kí n kà á sókè," Clifford wí, ó gbé awò ojú rẹ̀ sókè. "'Bàbá kan ń fun yufóníọ̀mù nínú ẹgbẹ́ tiwa. Tí a bá ń fun orin ìsìn tí a fi ń bẹ̀rẹ̀, ní ìlà kẹta, ó máa ń wọlé kí ọwọ́ olùdarí tó sọ̀ kalẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́rin. A fẹ́ràn rẹ̀. Nítorí náà, àwa ọmọdé máa ń sáré wọlé pẹ̀lú rẹ̀, kí ó má baà jẹ́ òun nìkan ni adájọ́ máa gbọ́.'"

Àyà Marnie já. Arúgbó onífèrè ńlá wà ní gbogbo abúlé, Marnie sì ti bo orúkọ àwọn ènìyàn dáadáa débi pé ó bò wọ́n mọ́ ara rẹ̀ lójú. Kò tilẹ̀ rò ó rárá. Òun ló sì fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́.

"Enid," Clifford wí. "Ṣé òótọ́ ni?"

Enid wo inú ife tíì. "Fífun ẹ dára gan-an, Clifford."

Kò sí ará Scarbeck tí ìyẹn ò yé. Clifford jókòó sídìí fèrè rẹ̀. Ó mú pẹ́ńsù, ó tẹ̀ síwájú, ó kọ "Dúró" sórí ìwé orin, ní ìlà kẹta. Olùdarí ò mọ ohun tí ì bá ṣe, ó kàn gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n fun ìlà kìíní, wọ́n fun ìkejì. Nígbà tó kan ìkẹta, arúgbó náà dúró, àwọn ọmọdé dúró, gbogbo wọn sì wọlé bí ẹnì kan. Lẹ́yìn aṣọ, Marnie ń sunkún lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tí wọ́n parí, Enid wá kó magasíìnì. Márùn-ún ló rí. Ìkẹfà wà lábẹ́ ìdí Clifford.

"Mú un wá. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ni ín."

"Mi ò tíì kà á tán. Níbo ni wọ́n ti ń tà á?"

Aṣọ ìkélé ṣí. Marnie jáde, eruku kún orí rẹ̀. "Wọn ò tà á, Bàbá àgbà. Èmi ni mo ṣe é. Òun ni mo fẹ́ fi sílẹ̀ lọ́la."

Clifford wo aṣọ náà, ó wo Enid, ó wá wo ọmọ ọmọ rẹ̀. "Ariwo ọjọ́sí yẹn ńkọ́?"

"Èmi náà ni."

"Ìkẹfà ni mo fi sí."

"Mo gbọ́." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

"Ká ní o mọ̀, ṣé wàá kọ ọ́?"

"Rárá, sà."

Bàbá náà mi orí, kò sì dìde lórí magasíìnì. "Lọ tẹ òmíràn fún tíṣà ẹ," ló wí. "Èyí, tèmi ni."

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀dà tuntun ṣì gbóná lọ́wọ́ Marnie nígbà tó gbé e kalẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ormerod wo ẹnu pupa tó wà lórí èèpo náà, ó wá béèrè ìwé ìbéèrè tó pín fún àwọn ènìyàn.

"Kò sí, sà. Ẹnì kan ṣoṣo ni. Mo bú u nínú ẹ̀, ó sì kọ̀, kò dá a padà."

Ọ̀gbẹ́ni Ormerod fa àga, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Aago kíláàsì dún, kò gbé orí sókè. Nígbà tó kà á tán, B ló kọ sí i.