Pátákó Ẹnu Igbó Olómi

Ẹni tó bá sọ fún yín pé èmi Yéwándé parọ́ mọ́ ọkọ ọlọ́kọ, ẹ bá mi bi í pé irọ́ wo gan-an ni mo pa. Ààlè ni mo sọ. Bí etí oníkálukú bá gbọ́ nǹkan mìíràn, ṣé èmi ni mo dá etí mọ́ wọn lórí ni?

Ewé eéran ni mo ń tà. Láti abúlé wa lẹ́bàá Alábàtà ni mo ti ń rù ú lọ sí Abẹ́òkúta fún àwọn ọlọ́mọ́ínmọ́ín àti ẹlẹ́kọ, inú Igbó Olómi ni mo sì ti ń já a. Ewé yìí ò fẹ́ oòrùn rárá, abẹ́ igi ńlá ló ń gbé. Lọ́dún kejì tí ìjọba pààrọ̀ àwọ̀ náírà, Alhaji Sàlàhúdíìnì, tó ni sọ́mìlì nílùú, wá gé ìrókò méjì lẹ́nu igbó náà, gbogbo ewé abẹ́ wọn sì gbẹ wọ́n-ín-wọ́n-ín. Bó bá gé ìyókù, kí ni mo fẹ́ máa tà, iyanrìn?

Kì í ṣe èmi nìkan lọ̀rọ̀ náà dùn. Inú igbó yẹn ni odò tí gbogbo abúlé ń mu ti ń sun. Baálẹ̀ lọ bá ìjọba, wọ́n ní àwọn á rán ẹ̀ṣọ́ igbó wá. A retí títí ọrùn wa fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn. Ni abúlé bá pé jọ, a fẹnu kò pé ká fi ààlè sí igbó náà fúnra wa. Ẹ ṣáà mọ ààlè, àmì tí à ń so mọ́ nǹkan kí olè má fọwọ́ kàn án: àjákù bàtà, ṣùkù àgbàdo, aṣọ pupa. Ọkọ mi, Ṣàngówùmí, ló so èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n Baálẹ̀ ní àwọn ará ìlú ò gbọ́ èdè ààlè mọ́, pé ká kọ ọ́ sí pátákó pẹ̀lú. A ránṣẹ́ pe Theophilus ní Papalanto, ẹni tó máa ń fi ọ̀dà kọ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn lọ́rì. A ní kó kọ ọ́ pé: Ààlè wà nínú igbó yìí, ẹ má wọ̀ ọ́. Pákó tí a fún un kúrú díẹ̀. Theophilus ní A kan ṣoṣo tó, pé àmì tí wọ́n ń fi sórí lẹ́tà, ti ọmọ iléèwé nìyẹn, ọmọ Ẹ̀gbá wo ni ò ní mọ̀ ọ́n kà? Ohun tó kọ, pẹ̀lú ọ̀dà pupa gàdàgbà-gàdàgbà, ni: ALE WA NINU IGBO YI. E MA WO O.

Ọmọ Ẹ̀gbá mọ̀ ọ́n kà lóòótọ́. Wọ́n kà á pé àlè wà nínú igbó yìí, ẹ máa wò ó.

Ni wọ́n bá ń wò ó. Kẹ̀kẹ́ ń dúró, ọkọ̀ ń dúró. Àwọn tó ń lọ síbi òkú bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n ń na ọrùn. Obìnrin kan gbé oúnjẹ dání wá láti Abẹ́òkúta, ó ní òun ò kánjú, òun á jókòó títí ọkọ òun á fi jáde. Baálẹ̀ ní kí Theophilus wá tún un kọ. Theophilus ní kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀, pé inú àwọn tó ń kà á ni kò mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò pẹ́ dé etí Alhaja Bùsírátù, ìyálé nílé Alhaji Sàlàhúdíìnì. Obìnrin yìí ti ń ṣàkíyèsí pé ọkọ òun ń jí lọ sí igbó kan lápá Alábàtà, ó ń padà dé tòun ti òógùn lára, ó ní gẹdú lòun ń wá. Gẹdú kẹ̀!

Lọ́jọ́ tí Alhaji kó ẹ́ńjìnì ìgégi àti àwọn agégẹdú dé láti gé ìyókù, gbogbo abúlé ti tò sẹ́nu igbó, à ń bẹ̀ ẹ́. Ó ní ìjọba ti fún òun láyè, ààlè kì í sì í mú ẹni tó ń kírun. Bó ṣe gbé ẹsẹ̀ kan wọ inú igbó báyìí ni Pijó kan já dé, tí Alhaja Bùsírátù àti ìyàwó kejì bọ́ sílẹ̀. Àwọn méjèèjì kì í kí ara wọn nílé o, lọ́jọ́ yẹn wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú.

Alhaji ní gẹdú lòun wá gé. Alhaja ní kó pe gẹdú náà jáde káwọn kí i. Alhaji ní ààlè ni wọ́n kọ sí pátákó. Ìyàwó kejì pàtẹ́wọ́, ó ní gbogbo ayé ti gbọ́, ó ti jẹ́wọ́. Àwọn agégẹdú rẹ̀ jókòó sórí ẹ́ńjìnì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àánú rẹ̀ ṣe mí díẹ̀, ṣùgbọ́n mo rántí ewé mi, àánú náà sì lọ.

Alhaja wá yíjú sí mi, torí ó rí agbọ̀n ewé lórí mi, ó mọ̀ pé èmi ni mò ń wọ ibẹ̀ lójoojúmọ́.

Ó ní, "Ìyá eléwé, má fi bò fún mi. Kí ló wà nínú igbó yìí?"

Alhaji ń fojú bẹ̀ mí. Bí mo bá fa ààlè náà gùn lẹ́nu bó ṣe yẹ, àwọn ìyàwó rẹ̀ á padà sílé, ẹ́ńjìnì á sì ti máa dún kí wọ́n tó dé Abẹ́òkúta. Irọ́ ńkọ́? Èmi kì í parọ́. Mo kúnlẹ̀, mo yára sọ ọ́.

"Ààlè ni, Mà. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n."

Bóyá ìkánjú gé e kúrú lẹ́nu mi, n ò lè sọ. Alhaja gbá ọkọ rẹ̀ lágbádá mú, ó ní kó fi Kùránì búra lójú gbogbo wa pé ẹsẹ̀ òun àti ẹ́ńjìnì òun ò ní wọ Igbó Olómi mọ́ láyé. Ó búra. Kì í ṣe pé ó jẹ̀bi, ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Láti ìgbà náà, kò sóṣù tí Alhaja kì í wá wo igbó náà yíká. Nígbà tí agégẹdú mìíràn yọjú, òun ló bi í pé ta ni ìyàwó rẹ̀, òun fẹ́ lọ kí i. Ọkùnrin náà sá lọ.

Ewé mi ń rú báyìí, inú mi dùn débi pé mò ń kọrin lọ́nà. Ọkọ mi ńkọ́? Ṣàngówùmí tí kò bá mi já ewé rí láti ìgbà tó ti fẹ́ mi, òun ló ń jí ṣáájú mi báyìí, tó ń gbé agbọ̀n. Mo kọ́kọ́ rò pé ìfẹ́ ni, orí mi wú. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo rí i pé ẹ̀yìn igi kọ̀ọ̀kan ló ń yọjú wò, inú bí mi.

Mo ní, "Baba Títílọlá, kí lẹ ń wá? Ṣebí ọwọ́ yín lẹ fi so ààlè yìí?"

Ó gbé agbọ̀n kalẹ̀.

"Mo mọ̀ pé ààlè ni mo so," ó ní. "Ṣùgbọ́n bí o ṣe pè é lójú Alhaja lọ́jọ́ yẹn, Ìyá Títílọlá, kò dá mi lójú mọ́."