Ìlú Abẹ́ Yìnyín

Ará-Òṣùpá ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, kò sì bínú sí i. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa lọ gíláàsì awò ojú títí yóò fi bá ojú ẹni tó ni ín mu. Bí ẹ̀rọ bá ti ń kùn báyìí, ọkàn rẹ̀ kì í sí nínú ilé mọ́. Ó ti wọ ọkọ̀, ó ti kọjá òṣùpá, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tí oòrùn ò dé rí. Ọ̀gá rẹ̀ á ní, "Ará-Òṣùpá, padà wá sáyé o. Ẹni tó ni awò yìí fẹ́ fi rí ọ̀nà ilé ẹ̀."

Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Òun àti bàbá rẹ̀ nìkan ló ń gbé nínú yàrá méjì lókè pátápátá ilé alájà mẹ́rin. Ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì ló ń kọ, kò sì tíì sí èyí tó jáde níbì kankan. Gbogbo ohun tó fi ń dára rẹ̀ lára yá, ìdí ìtàn ló ń já sí. Ó fi gíláàsì tó ṣẹ́kù níbi iṣẹ́ ṣe awò gígùn kan, òun ló fi ń wo òṣùpá lórí òrùlé ní ìrọ̀lẹ́. Ó máa ń gba rédíò tó ti kú lọ́wọ́ àwọn tó ń tún un ṣe, á tú u, á wá dojú kọ inú rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ìlú láti òkè: èyí òpópónà, èyí ilé gíga, èyí afárá. Ohun tó bá rí, á kọ ọ́ sínú ìwé kékeré tí kì í kúrò lápò rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ kì í dá sí i. Mítà omi ni bàbá náà kà láti ojúlé dé ojúlé títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ará-Òṣùpá ò rí i kí ó ka ìwé rí, àfi ìwé ìròyìn, ìyẹn náà, ibi tí wọ́n ti ń sọ bóyá òjò máa rọ̀ nìkan. Tó bá bá ọmọ rẹ̀ nídìí tábìlì, á ní, "Ṣé ìwé yìí ò ní í jẹ́ kó o jẹun ni?" Ó parí nìyẹn.

Nígbà tó yá, ó kọ ìtàn kan tó dá a lójú. Ó jẹ́ nípa àwọn èèyàn tó ń gbé abẹ́ yìnyín nínú ayé kan tó jìnnà sí oòrùn. Òkùnkùn ibẹ̀ pọ̀ débi pé wọn kì í rí ojú ara wọn. Páìpù ló gba gbogbo ìlú kọjá, wọ́n á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ìkíni, àwàdà àti ìròyìn ikú. Inú àwọn rédíò tó ń tú ló rò pé òun ti rí i. Orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ ló fi sí i, ó sì fi í ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ìwé ìtàn kan. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, olóòtú wọn ránṣẹ́ pè é.

Àgbàlagbà ni olóòtú náà. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jókòó, arábìnrin. Ta ló fún yín ní ìtàn yìí?"

"Kò sẹ́ni tó fún mi, sà. Èmi ni mo kọ ọ́."

Ọkùnrin náà ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó yọ ìwé tó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ jáde, ó tì í síwájú rẹ̀. "Ẹ ka èyí."

Ará-Òṣùpá kà á. "Ní ìlú abẹ́ yìnyín, àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n fi ń kíra wọn." Ọ̀rọ̀ tí òun náà fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn tirẹ̀ nìyẹn, ẹyọ kan ò yẹ̀.

Olóòtú ní, "Ó ti pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí ìtàn yìí dé ọ́fíìsì yìí. Akọ̀wé kékeré ni mí nígbà náà. Ọ̀gá ní ká dá a padà, àmọ́ mo fẹ́ràn ẹ̀, mo tẹ ẹ̀dà kan pa mọ́. Kò jáde níbì kankan. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bi yín: níbo lẹ ti jí i?"

Ará-Òṣùpá ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn, bóyá yóò rí ẹni tó ni ín. Orúkọ bàbá rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Àdírẹ́sì ilé tí wọ́n bí i sí ló wà nísàlẹ̀ orúkọ.

"Bàbá mi nìyí," ló wí. Ohùn náà jọ ti ẹlòmíì létí ara rẹ̀.

Ẹnu wá ya olóòtú. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. "Ẹni tó ń ka mítà omi yẹn? Ìwọ ni ọmọ ẹ̀?" Ó tún wo orúkọ náà. "Èmi ni mo tẹ lẹ́tà tá a fi dá a lóhùn. Ọ̀gá ló ń pè é, èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́. A ní kó gbájú mọ́ mítà ẹ̀."

Bí ó ṣe délé, kò mọ̀ ọ́n. Bàbá rẹ̀ ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Kò kí i. Ó kàn gbé ìwé tí olóòtú jẹ́ kó mú lọ síwájú rẹ̀. Bàbá náà wò ó, ó sì dúró gbagidi, ọwọ́ rẹ̀ lórí áyọ́ọ̀nù, títí èéfín fi bẹ̀rẹ̀ sí í rú. Ọmọ rẹ̀ ló fa wáyà yọ.

"Mo dáná sun tèmi," ni bàbá náà wí nígbà tó rí ọ̀rọ̀ sọ. "Níbo nìyí ti wá?"

"Ìgbà wo lẹ kọ ọ́, Bàámi?"

"Kí ìyá ẹ tó kú. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sídìí mítà, mo máa ń gbé ọwọ́ lé páìpù, màá gbọ́ bí omi ṣe ń kọjá. Mo ní, tó bá jẹ́ pé èèyàn ló ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀ ńkọ́? Lẹ́yìn tí ìyá ẹ lọ, ibà dá ọ dùbúlẹ̀. O ò jẹ́ kí n kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ. Ìtàn yìí ni mò ń kà fún ọ. Lẹ́tà wọn dé lọ́sẹ̀ yẹn, mo sun gbogbo ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọ́. Mi ò mọ̀ pé o gbọ́ nǹkan kan."

"Mo ti jí i lọ́wọ́ yín."

Bàbá náà ní kó mú tirẹ̀ wá. Ó jókòó, ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó sì padà sí ojú ewé mẹ́ta tó kẹ́yìn.

"Nínú tèmi, gbogbo wọn kú. Páìpù dákẹ́, ó tán. Níbí, ọmọbìnrin kan gòkè, ó fọ́ yìnyín, wọ́n sì rí ìràwọ̀. Ta ló sọ ìyẹn fún ọ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi."

"Mi ò bá tí sun ún ká ní mo ti ronú débẹ̀," ni bàbá rẹ̀ wí, ó sì fi ọwọ́ nu ojú.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, olóòtú fúnra rẹ̀ gun àtẹ̀gùn àjà mẹ́rin wá, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó dọ̀bálẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀. Bàbá náà wò ó títí, ó wá ní kó jókòó.

"Ẹni tó ní kí n gbájú mọ́ mítà, ṣé ó ṣì wà láyé?"

"Ó ti kú, sà."

"Ó dáa."

Orúkọ àwọn méjèèjì ni wọ́n fi tẹ ìtàn náà jáde, ti ọmọ ṣáájú. Bàbá ló fàáké kọ́rí pé bẹ́ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ rí. Lọ́jọ́ tí ẹ̀dà wọn dé ọwọ́ wọn, bàbá náà ka tiẹ̀ tán nídìí oúnjẹ, ó gbójú sókè.

"Yìnyín tó nípọn tó bẹ́ẹ̀, tó bá fẹ́ fọ́, ṣé ó máa ń dún ni àbí kì í dún?"

Ará-Òṣùpá ò mọ̀. Wọ́n jiyàn lé e lórí títí oúnjẹ fi tutù.