Nọ́ńbà Bàbá Mi Ni Mo Fi Wáṣẹ́

Ìkànnì ìwáṣẹ́ márùn-ún ni mo forúkọ sílẹ̀ sí lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ní yàrá ọ̀rẹ́ mi Bilkisu ní àdúgbò Basin, nígboro Ìlọrin. Òun ló ni kọ̀ǹpútà, èmi ni mo ra dátà. Ó ti pé ọdún méjì tí mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, tí ìwé ẹ̀rí mi lórí ìmọ̀ oúnjẹ ń sùn nínú ọ̀rá, tí èmi àti Bàbá sì jọ ń da ewúrẹ́ ní abúlé wa lẹ́yìn ìlú Ìlọrin. Ewúrẹ́ ò ṣẹ̀ mí o. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ewúrẹ́ ni mo lọ kọ́ ní yunifásítì.

Bàbá mi, Àlàó àgbẹ̀, gbà kí n wáṣẹ́, àmọ́ ó fi òfin kan sí i. Nílé wa, a kì í fún àjèjì ní nọ́ńbà ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ. Ẹni tó bá ń wá a, kó wá bàbá rẹ̀ ná.

"Bàbá, iṣẹ́ ni mò ń wá, kì í ṣe ọkọ."

"Hàlímọ̀tù, ṣé kì í ṣe ilé onílé lo fẹ́ máa lọ láràárọ̀ ni?"

Ta ní í bá Bàbá jiyàn kó jàre? Nọ́ńbà rẹ̀ ni mo tẹ̀ sórí ìkànnì márààrún. Mo rò pé tí wọ́n bá pè, á kàn gbé fóònù fún mi ni. Èrò òmùgọ̀ gbáà!

Oṣù kan kọjá, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bú àwọn ìkànnì náà. Èkó àti Àbújá nìkan lọ̀kan mọ̀. Òmíràn ń gbé iṣẹ́ tí wọ́n ti rí ẹni gbà sí lọ́dún tó kọjá jáde bíi pé àná ni. Èyí tó dùn ún wò jù lọ nínú wọn, tí Bilkisu náà forúkọ sílẹ̀ sí, ti mú kí wọ́n pè é síṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, èmi jókòó ti ewúrẹ́. Ọ̀kan kékeré kan tún wà tí kò lẹ́wà rárá, iṣẹ́ agbègbè Kwara nìkan ló ń gbé jáde. Díẹ̀ ló kù kí n fò ó.

Lọ́sàn-án Jímọ̀ọ̀ kan, mo gbọ́ ohùn Bàbá lórí fóònù lẹ́yìn ilé.

"Ẹ ní Hàlímọ̀tù lẹ̀ ń wá? Ó dáa. Ọmọ ibo ni yín? Níbo gan-an nilé iṣẹ́ yín wà? Mo ní níbo! Ta ló mọ̀ yín ní Ìlọrin ńbí? Hàlóò? Hàlóò?" Ó wo fóònù. "Wọ́n ti gé e."

Bí ìdílé ọkọ bá wá tọrọ ọmọ, bí a ṣe ń wádìí wọn nìyẹn: ilé wọn, ìṣe wọn, ẹni tó lè jẹ́rìí wọn. Àṣé gbogbo ẹni tó fẹ́ fún mi níṣẹ́ ni Bàbá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí!

Mo bi í pé ẹni mélòó. Ó ní mẹ́rin. Mo sọ ohun tí kò yẹ kí ọmọ sọ sí bàbá rẹ̀: mo ní ó ti ba ayé mi jẹ́. Ó mú okùn ewúrẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo kọ nọ́ńbà àwọn mẹ́rin náà láti inú fóònù tó fi sílẹ̀ sórí ìwé, bóyá mo lè pè wọ́n bẹ̀ wọ́n, mo sì gba Basin lọ fẹjọ́ sun Bilkisu. Mo bá a lórí ibùsùn, ojú rẹ̀ wú. Lánàá, àwọn tó pè é síṣẹ́ ti òun àti àwọn ẹlòmíì mọ́ gbọ̀ngàn kan láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, wọ́n ń kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa fa ojúlùmọ̀ wọn wọ ẹgbẹ́ kan tó ń ta ọṣẹ. Nígbà tó ní òun ń lọ, wọ́n gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ pa mọ́. Mo wo nọ́ńbà wọn lórí fóònù Bilkisu, mo wo ìwé ọwọ́ mi. Àwọn náà ló kọ́kọ́ pe Bàbá.

Mo délé, n kò mọ bí mo ṣe máa wojú rẹ̀. Òun ló sọ̀rọ̀.

"Ẹnì kan wà tí kò gé e. Adéọlá lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ọ̀mù-Àrán. Oúnjẹ ọmọdé ni wọ́n ń ṣe, ọjà Ipata ni wọ́n ti ń ra àgbàdo. Ó dáhùn gbogbo ohun tí mo bi í àfi ọ̀kan. Mo ní kó fún mi ní ọjọ́ méje kí n fi wádìí."

"Ọjọ́ méje! Bàbá, wọ́n á ti gba ẹlòmíì!"

"Òní ló pé mẹ́fà. Mo ti dé Ipata. Àwọn alágbàdo ní wọn kì í rẹ́ni jẹ. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà."

"Ẹ pè é báyìí, ẹ jọ̀ọ́!"

Ó pè é. Ó kí i, ó béèrè àlàáfíà ilé, ti ọmọ, ti iṣẹ́, ti òjò tó rọ̀, bíi pé kò sí ohun tó ń lé e. Níkẹyìn ó ní, "Ọmọ mi á wá o, ìn ṣá Allah."

Ìkànnì kékeré yẹn ni wọ́n ti rí mi. Lọ́jọ́ intafíù, nígbà tí mo ti dáhùn ìbéèrè wọn tán, Ìyáàfin Adéọlá gbé ìwé ìgbanisíṣẹ́ síwájú mi.

"Ènìyàn mọ́kàndínlógójì ló kọ̀wé wá," ó ní. "Bàbá ẹ nìkan ló bi mí bóyá obìnrin tó bá lọ bímọ níbí máa ń bá iṣẹ́ rẹ̀ nílẹ̀. Mi ò lè dáhùn, torí ìdáhùn rẹ̀ ò dáa. Mo gbé e lọ bá àwọn ọ̀gá. Ka ìlà kẹsàn-án."

Mo kà á. Oṣù mẹ́ta ìsinmi fún obìnrin tó bá bímọ, owó oṣù ò ní dúró, iṣẹ́ rẹ̀ á sì wà nílẹ̀ dè é. Omijé bọ́ sórí ìwé náà kí n tó fọwọ́ sí i.

Nígbà tí mo délé, Bàbá, tí mo ti ròyìn ọ̀rọ̀ Bilkisu fún, ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́ṣẹ dé ni. Mo kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀. Mo sọ ti iṣẹ́ náà fún un, mo sọ ti ìlà kẹsàn-án. Mo dúpẹ́ títí, mo bẹ̀ ẹ́ kó dárí ohun tí mo sọ jì mí.

"Alhamdulilahi," ó ní. "Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ tí mo pe Adéọlá yẹn. Mo ní tí wọ́n bá ti gba ẹlòmíì lóòótọ́ ńkọ́? Ìdí tí mo fi ń kí i títí nìyẹn. Mi ò fẹ́ tètè gbọ́ ìdáhùn."

N kò gbọ́ kí Bàbá ní ẹ̀rù ba òun rí. Mo dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo ń sunkún, mo ń wí pé, "Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ ṣé."