Ìlà Kẹta Orin Bàbá Nehemiah

Àwọn báàsì tún dé òpin ìlà kẹta ṣáájú gbogbo ayé. Ọkùnrin mẹ́rin pa ẹnu dé, wọ́n ń wo ògiri, nígbà tí àwọn obìnrin àti àwọn tẹ́nọ̀ ṣì ń fa ohùn bọ̀ lẹ́yìn. Kí gbogbo wọn tó jọ wọ ìlà kẹrin, orin ti dàrú.

Bàbá Bámiṣayé, ọ̀gá akọrin, fi rúlà gbá tábìlì.

"Marvellous! Ṣé o ò lè ka nǹkan ni? Ìwọ ni aṣáájú báàsì, ìwọ náà lo ń kó wọn já sí kòtò."

"Bàbá, bó ṣe wà nínú ìwé náà la ṣe ń kọ ọ́."

"Ìwé ò lẹ́bi! Ẹni tó kọ orin yìí ti sùn nínú Olúwa. Ẹ ò ní fi àìmọ̀kan yín dójú ti òkú."

Obed tẹjú mọ́ ìwé ọwọ́ rẹ̀ láàárín àwọn tẹ́nọ̀. Etí rẹ̀ gbóná. Nínú gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì náà, òun nìkan ló mọ̀ pé ìwé lẹ́bi. Dáàṣì kékeré méjì ló yẹ kó wà lẹ́yìn àmì ohùn "sò" tó parí ìlà kẹta, láti fi sọ fún àwọn báàsì pé kí wọ́n fa ohùn náà títí àwọn yòókù yóò fi dé bá wọn. Òun ló gbàgbé láti kọ dáàṣì náà. Òkú kankan kọ́ ló kọ orin náà.

Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí ibẹ̀ ti ń dàrú. Goodness, tó ń kọ sopránò, tilẹ̀ ti bá a wá ìtumọ̀. "Àwọn báàsì ló kọ́kọ́ dé, wọ́n wá ń dúró de àwọn yòókù," ló tún sọ báyìí. "Bí Jésù ṣe ń dúró de ẹlẹ́ṣẹ̀ nìyẹn. Bàbá àgbà yẹn jinlẹ̀ o!"

Àwọn kan ní àmín. Obed náà ní àmín.

"Kí Jésù wá máa kọ báàsì fúnra rẹ̀ nígbà náà," ni Marvellous wí. Ó gbé ìwé rẹ̀ sórí bẹ́ńṣì. "Bàbá, ẹ fi ẹlòmíì ṣe aṣáájú. Bóyá orí tèmi ni ò gbé e. Mo ń lọ sídìí kẹ̀kẹ́ akérò mi."

Ó jáde. Wọ́n gbọ́ bó ṣe ń ta kẹ̀kẹ́ náà, tí kò tètè dáhùn, kó tó wá lọ. Ọ̀la ni ìkórè.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, Obed ò fi orúkọ ẹnikẹ́ni bojú. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ ìṣirò ní yunifásítì, ó háyà yàrá kan ní àdúgbò Adankolo, ó sì gbà pé orin olóhùn mẹ́rin kò yàtọ̀ sí àwọn àdììtú onínọ́ńbà tó máa ń tú lórí fóònù rẹ̀: bí gbogbo ẹ̀ bá ti bọ́ sí àyè, ó parí. Ó kọ orin Kérésì kan. Ní ojú gbogbo ìjọ, ohùn àwọn tẹ́nọ̀ gun òkè, ó gun òkè, ó há. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí ọ̀pọ̀ fi rẹ́rìn-ín. Àlùfáà ló ṣàánú wọn: "Ẹ jẹ́ á dìde fún àdúrà."

Láti ìgbà náà, bí kẹ̀kẹ́ Marvellous bá ti bá Obed ní títì, á fun fèrè, á yọrí síta kí i: "Ẹ Jẹ́ Á Dìde! Òkun o!" Àwọn èrò inú kẹ̀kẹ́ tí wọn ò mọ ìdí ọ̀rọ̀ náà á bá a rẹ́rìn-ín. Obed náà á rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà á wọ yàrá rẹ̀ lọ, á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, kò ní lè jẹun.

Ó ya gbogbo ìwé orin rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ò sinmi. Bó bá ń máàkì iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ ní ìṣirò, ìka á máa ta lórí tábìlì, ohùn kan á máa wá òmíràn kiri. Nígbà tó di ọdún yìí, orin kan ti pé lọ́kàn rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ó dára. Orin ọ̀hún kọ́ ló ń bà á lẹ́rù, ọjọ́ tí wọn yóò gbọ́ ọ ni. Ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti inú àpótí bàbá bàbá rẹ̀, Bàbá Nehemiah, tó ṣe tíṣà ní ìlú Agbájà. Ojú ewé bíi mẹ́wàá ló ṣófo lẹ́yìn ìwé náà. Obed fi ọwọ́ ìkọ̀wé àwọn àgbà da orin rẹ̀ kọ síbẹ̀, ó gbé e fún Bàbá Bámiṣayé, ó ní inú àpótí bàbá náà ni òun ti rí i. Bó bá dàrú, ta ni wọn yóò fi rẹ́rìn-ín? Kò sẹ́ni tó ń fi òkú rẹ́rìn-ín.

Kò rò ó débi pé wọn yóò tẹ orúkọ Bàbá Nehemiah sára igba ìwé ètò ìkórè, tàbí pé wọn yóò ránṣẹ́ pe opó rẹ̀ láti wá gba àmì ẹ̀yẹ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí Marvellous bínú jáde náà, Obed lọ dúró níbi tí ọkọ̀ Agbájà ti ń já èrò. Ìyá Àgbà Salome, opó Bàbá Nehemiah, sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Golf àtijọ́ kan, eruku pupa ojú ọ̀nà òkè wà lára gèlè rẹ̀, bàtà ọjọ́ Ìsinmi wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀.

"Òkun o, Ìyá Àgbà."

"Òkun, ọmọ mi. Jẹ́ kí n jókòó ná. Ọ̀nà yẹn ti gbo egungun mi."

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì kan lábẹ́ igi dóńgóyárò. Obed ra píọ̀ wọ́tà fún un. Ó fi eyín já igun rẹ̀, ó mu díẹ̀, ó sì gbé ìyókù sórí itan.

"Ṣé lóòótọ́ ni orin náà dùn?"

"Wọ́n ní ó dùn, mà."

"Kọ díẹ̀ ńbẹ̀."

Ó kọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Kò tíì dé ìdajì tí ìyá náà fi ọwọ́ bojú.

"Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta la fi jọ gbé, mi ò gbọ́ ọ rí," ló wí. "Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, ó máa ń kọrin ní balùwẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo ní, 'Nehemiah, ta ló tẹ ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀ yẹn?' Mo kàn ń ṣeré ni. Kò kọrin mọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì gan-an, ètè lásán ló máa ń mì. Mo rò pé orin ò wù ú ni." Ó fi etí aṣọ nu ojú. "Àṣé inú ìwé ló ń kó o sí, tó ń fi pa mọ́ fún mi. Èmi ni mo pa orin lẹ́nu ọkọ mi, Obed. Irú ojú wo ni mo fẹ́ fi jáde lọ́la?"

Irọ́ mìíràn ti wà létè Obed, ó dán, ó sì tuni lára: kó ní Bàbá kọ ọ́ sí etí ìwé náà pé Salome ni òun kọ ọ́ fún. Bí irọ́ náà ṣe yára dé bẹ́ẹ̀ ló dẹ́rù bà á.

"Ìyá Àgbà, Bàbá kọ́ ló kọ ọ́. Èmi ni."

Ìyá náà gbójú sókè wò ó.

"Ẹ̀rù ló bà mí kí wọ́n má tún fi mí rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ó jẹ́ pé Bàbá ni."

"O wá ti ọkọ mi síwájú," ni ìyá náà wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "pé tí wọ́n bá sọ òkúta, kó bà á." Ó fún ọ̀rá omi náà mọ́wọ́. "Ọ̀sẹ̀ méjì ni mi ò fi rí oorun sùn. Mò ń bẹ ẹ́ níbi tó wà."

Obed dọ̀bálẹ̀ nínú eruku níbẹ̀. Àwọn èrò ọkọ̀ yíjú sí wọn. Ìyá Àgbà ò tètè ní kó dìde. Ó mu omi rẹ̀ tán, ó ká ọ̀rá náà mẹ́rin, ó fi há abẹ́ bẹ́ńṣì.

"Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Ṣé wọ́n mọ̀?"

"Wọn ò mọ̀, mà."

"Kí lo ṣì ń ṣe nílẹ̀ nígbà náà? Pe kẹ̀kẹ́."

Marvellous ló pè lórí fóònù. Marvellous dé, ó kí ìyá náà dáadáa, kò bá Obed sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí àwọn akọrin ti péjọ fún ìdánrawò ìrọ̀lẹ́.

"Bá wa wọlé," ni Obed bẹ̀ ẹ́. "Ìṣẹ́jú márùn-ún péré."

"Láti wá gba èébú tó kù?"

"Èmi ló kàn lónìí. Jọ̀ọ́."

Obed rìn lọ sídìí pátákó ìkọ̀wé. Kò mọ ibi tí yóò ki ọwọ́ bọ̀, ló bá mú ṣọ́ọ̀kì.

"Bàbá, ìwé lẹ́bi," ló wí. "Èmi ni mo kọ orin náà. Bàbá mi àgbà kọ́ ló kọ ọ́. Mo gbàgbé nǹkan ní ìlà kẹta, Marvellous ò ṣẹ̀." Ó kọ ìlà náà sójú pátákó. Ṣọ́ọ̀kì kán lẹ́ẹ̀kan. Ó fi dáàṣì méjì náà sí àyè wọn.

"Jésù!" ni Goodness kígbe. "Gbogbo ìtumọ̀ tí mo ti ń ṣe ńkọ́?"

Ẹ̀rín bú jáde. Ẹ̀rín tí Obed ti ń sá fún láti ọdún méjì nìyí, ó bá a níbi tó dúró sí pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Ó gbóná mọ́ ọn lára láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ń retí kí ilẹ̀ yẹ̀. Ilẹ̀ ò yẹ̀.

Bàbá Bámiṣayé kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń bú ọmọ ọlọ́mọ nítorí rẹ." Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà. "Marvellous, má bínú sí mi."

Kí àgbà ẹni àádọ́rin ọdún máa tọrọ àforíjì nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí Obed ṣẹ̀, èyí dùn ún ju gbogbo ẹ̀rín náà lọ.

"Ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà lójú pátákó," ni Bàbá wí.

Marvellous kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó lọ sí àyè rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́. Àwọn báàsì dé òpin ìlà kẹta, wọ́n di ohùn náà mú, wọn ò jẹ́ kó bọ́. Àwọn yòókù dé bá wọn níbẹ̀, gbogbo wọn sì jọ wọ ìlà kẹrin. Ìyá Àgbà, tó jókòó sẹ́yìn, ò ṣí ojú títí wọ́n fi parí.

Bàbá Bámiṣayé kò yìn ín. Ìdì ìwé ètò ìkórè ló gbé lé e lọ́wọ́. "Igba ni. Fi bírò pa orúkọ bàbá rẹ àgbà rẹ́, kí o kọ tìrẹ. Ọ̀la, o ò ní wọ aṣọ akọrin. Inú ìjọ ni wàá jókòó sí."

"Ẹ ṣé, sà."

Ní yàrá ẹ̀yìn pẹpẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa orúkọ rẹ́. Ìyá Àgbà bọ́ bàtà, ó jókòó tì í, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí Obed kọ tó bí ogójì, ó na ìka sí ọ̀kan.

"Kí ló dé tí o fi ń kọ ọ́ wínníwínní báyìí? Ṣé èèrà ló máa kà á?"

Obed wo àwọn tó ti kọ. Òótọ́ ni. Ó mú ìwé tó kàn, ó kọ orúkọ rẹ̀ tóbi díẹ̀.

Marvellous yọrí lójú fèrèsé. "Ẹ Jẹ́ Á Dìde!"

Obed dáhùn sí orúkọ náà.

"Ẹsẹ kejì ńkọ́? Àwọn tẹ́nọ̀ ń mí níbẹ̀ bí ẹni ru sìmẹ́ǹtì. Ó pẹ́ tí mo ti rí i, mi ò kàn lè bá òkú jiyàn ni."

Etí Obed tún gbóná. Ó gbé bírò sílẹ̀, ó wá pẹ́ńsù, ó sì na ìwé orin náà gba ojú fèrèsé.

"Ibo gan-an ni? Fi ìka tẹ̀ ẹ́ kí n rí i."