Ewébẹ̀ Inú Báàfù

Ṣáà, ṣáà, ṣáà. Bí omi ṣe máa ń dún nìyẹn tí ìyá rẹ̀ bá ń fi agolo onídìí jíjò bomi rin ewébẹ̀ lẹ́yìnkùlé láàárọ̀ kùtù. Bàbá arúgbó kan, awakọ̀ ojú irin tó ti fẹ̀yìn tì sílẹ̀ òkèèrè, ń rántí rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, aránṣọ, ni.

"Bùrọ̀dá, ẹ wo nǹkan tí wọ́n ń ṣe."

Ó kọjú fóònù sí ẹ̀yìnkùlé. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń hú ewébẹ̀ tí kò tíì ga ju ìka ọwọ́ lọ. Opó ni àwọn kan; àwọn mìíràn, ọkọ ló lé wọn jáde. Láti ìgbà tí aránṣọ ti yọ̀ǹda ẹ̀yìnkùlé ìyá òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún àwọn obìnrin náà ni wọ́n ti ń ti ibẹ̀ bọ́ ọmọ wọn.

"Kí ló dé? Kò tíì tó í jẹ."

"Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ wá wọnlẹ̀ láàárọ̀. Àwọn obìnrin yìí ní kó tó tẹ ewébẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọn á kó o lọ."

"Ta ló sọ fún wọn pé mo ti tà á?"

"Ta lẹ sọ fún pé ẹ ò tà á?"

Ó ti pẹ́ tí bàbá náà ti ń sọ fún ọkùnrin tó fẹ́ ra ilẹ̀ náà pé òun ń rò ó. Ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ òun ò ní tẹ̀ mọ́, kí lòun fẹ́ fi ṣe?

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà, tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́jọ́ nítorí ẹnu rẹ̀ yọjú sí fóònù, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú àárò ilé o."

"Ibo lẹ fẹ́ kó o lọ?"

"Inú báàfù ìwẹ̀ mi ni, Bàbá. Èmi ni mi ò ní wẹ̀ mọ́."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín.

"Ṣé á yè níbẹ̀?"

"Kò lè yè, Bàbá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wa ni yóò kú sí."

Ẹ̀rín náà tán lẹ́nu bàbá náà. "Ẹ dúró ná," ló sọ.

Aránṣọ gba fóònù rẹ̀. "Bùrọ̀dá, ewébẹ̀ tí wọ́n ti hú ò mọ dúró ná. Oòrùn ti ń mú."

Nígbà tí bàbá náà pa fóònù, ó kọ àtẹ̀jíṣẹ́, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. Lẹ́yìn náà ló fi ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ pa pọ̀:

"Ọ̀gá, ẹ má bínú, mo jẹ́ kí ẹ dúró pẹ́ jù. Mi ò ta ilẹ̀ náà. Àwọn tó ń gbin nǹkan síbẹ̀ ló ni ín. Àbúrò mi, ní kí wọ́n dá a padà sínú ilẹ̀ kí oòrùn tó pa á."