Máìkì Inú Hapsikọ́ọ̀dù

Mi ò tíì dárí ji Gaspard Vuillemin, kò sì dá mi lójú pé mo máa dárí jì í. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe, kí ẹ bá mi dá a lẹ́jọ́.

Hapsikọ́ọ̀dù ni iṣẹ́ mi, dùùrù àtijọ́ tí ìyẹ́ kannakánná ń ta okùn rẹ̀. Bó o fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́, bó o rọra tẹ̀ ẹ́, bákan náà ni yóò dún, jẹ́ẹ́jẹ́. Kì í lé èèyàn kiri, èèyàn ló ń sún mọ́ ọn. Ọ̀gbẹ́ni Anselme Pourcelot ló kọ́ mi níbí ní Besançon, láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kan èyí tí mò ń sọ yìí, tó fi ọ̀bẹ gé ìyẹ́ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti di ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún báyìí, ọmọ rẹ̀ sì ti ní òun ń bọ̀ wá mú un lọ sí Brest lọ́jọ́ Ajé. Ìrọ̀lẹ́ Àìkú ni wọ́n fi orin mi sí. Ìgbà ìkẹyìn tí ọ̀gá mi máa gbọ́ dùùrù rẹ̀ nìyẹn, mo sì fẹ́ kó gbọ́ ọ bó ṣe yẹ kó dún. Mi ò fẹ́ nǹkan mìíràn.

Gaspard ló ń ṣètò àjọ̀dún orin ìlú wa. Ọgọ́rin àga la máa ń tò sí gbọ̀ngàn náà. Nígbà tí mo débẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀ọ́dúnrún ni mo bá.

"Gaspard, kí lèyí? Ṣé orin ológun lo pe àwọn èèyàn wá gbọ́ ni?"

"Màdáámù Jeannin, ẹ fọkàn balẹ̀. Gbogbo wọn á gbọ́."

"Báwo ni wọ́n ṣe máa gbọ́? Mi ò fẹ́ sípíkà o!"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà ẹ mà fẹ́ràn ìjà o! Ẹ ṣáà tẹ dùùrù yín, ẹ fi èyí tó kù sílẹ̀ fún mi."

Ó yẹ kí n ti fura. Kò sọ pé òun ò ní lo sípíkà.

Lọ́jọ́ Àìkú, láti aago méjì ni mo ti ń tún okùn dùùrù náà ṣe. Ooru díẹ̀, ohùn á yí. Èèyàn kan ṣí fèrèsé, ohùn á tún yí. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí aago mẹ́rin lù, mo lọ sí yàrá ẹ̀yìn lọ wọ aṣọ mi. Ìgbà yẹn ni wọ́n ráyè ṣe é.

Ọ̀wọ́ orin ijó ni mo fẹ́ tẹ̀. Mo tẹ alemáńdì tán, mo tẹ kùráńtì, ó sì ń ṣe mí bíi pé ohùn náà kò ti abẹ́ ọwọ́ mi wá. Nígbà tí mo dé orí sarabáńdì, ijó tó lọ́ra jù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ kàtà-kàtà láti òkè àjà, níbi tí wọ́n fi sípíkà pa mọ́ sí. Igi kéékèèké ló ń gbé àwọn ìyẹ́ náà. Wọ́n á fò, wọ́n á sì já bọ́ padà. Ariwo ìjábọ́ yẹn kéré, àṣírí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ni. Òun ló wá ń dà sórí ọ̀ọ́dúnrún èèyàn bí òkúta lórí páànù yìí. Mo dá ọwọ́ dúró.

Mo bẹ̀rẹ̀, mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ dùùrù náà, mo sì kan máìkì kékeré kan. Téèpù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́! Téèpù, lára pákó tí ọ̀gá mi fọwọ́ ara rẹ̀ fá! Mo já a kúrò, mo gbé e sókè.

"Ta ló ṣe èyí?"

Gaspard yọ láti ẹnu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín ẹ̀tàn. "Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, àwọn èèyàn ń wò wá."

"Kí wọ́n máa wò! 'Orin àtijọ́ lórí ohun èlò àtijọ́,' ohun tó o kọ sára ògiri káàkiri ìlú nìyẹn. Àbí ayé àwọn ọba tó jó ijó yìí ni wọ́n ti ń lẹ máìkì mọ́ ikùn dùùrù?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn: "Ẹ dá a padà jàre! A ti ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀!"

"Màdáámù, ẹ gbé àga yín bọ́ síwájú, kí ẹ sì panu mọ́, ẹ ó gbọ́." Mo nawọ́ sí ìlà àkọ́kọ́. "Ọkùnrin tó kan dùùrù yìí ló jókòó síbí yìí. Ó lé lógójì ọdún tó ti ń tọ́jú ohùn rẹ̀. Mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀sín lójú rẹ̀."

Ọ̀gá mi gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè díẹ̀. "Clotilde."

"Ọ̀gá?"

"Èmi ni mo ní kó fi í síbẹ̀."

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní èmi ni. Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí wọ́n fi sí mi létí, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló ń gbé wá. Ó ti pé ọdún méjì tí mo ti gbọ́ dùùrù yìí kẹ́yìn, ọmọ mi. Mo gbọ́ ọ lónìí."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"O ò ní gbà. Èmi náà ni mo sì kọ́ ẹ pé kó o má gbà."

Ṣùgbọ́n ìbínú mi kò rọlẹ̀, ńṣe ló yí sí ọ̀gá mi. Ọdún méjì! Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mò ń lọ tẹ dùùrù fún un nílé rẹ̀, tí á máa bá mi wí, tí mo máa ń sunkún délé.

"Gbogbo Ọjọ́bọ̀ yẹn ńkọ́? Ṣebí ẹ ní ọwọ́ mi wúwo!"

"Ó wúwo. Mo fojú rí i."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo yíjú sí Gaspard, tó mọ ohun tí èmi ò mọ̀, tó jẹ́ kí n dúró níwájú ayé máa gbèjà ẹni tí kò ní kí n gbèjà òun.

"Téèpù dà?"

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín—"

"Má fọwọ́ kàn án!"

Èmi fúnra mi ni mo lẹ̀ ẹ́ padà. Mo jókòó, mo sì tẹ sarabáńdì náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó burú létí mi. Kàtà-kàtà ń já bọ́ láti òkè, inú ń bí mi sí Gaspard, sí téèpù, sí bàbá arúgbó yìí, sí ọjọ́ ogbó fúnra rẹ̀. Nínú ijó yìí, ìlù kejì ni oníjó ti ń fi ẹsẹ̀ lélẹ̀, tí á dúró díẹ̀ kó tó máa lọ. Nígbà tí mo dé ìlà kejì, mo fojú ẹ̀gbẹ́ wo ọ̀gá mi. Ó ti dijú. Bàtà rẹ̀ gbéra nílẹ̀, ó balẹ̀ lórí ìlù kejì, ó dúró. Ó tún gbéra.

Láàárín ọdún méjì yẹn, mo tẹ orin yìí fún un nílé, mi ò mọye ìgbà, ẹsẹ̀ yẹn ò mira lẹ́ẹ̀kan.